Bí Ẹni Tí Ó Ní Àìlera Ṣe Lè Gba Ìwé Ẹ̀rí Ìlera Awakọ̀ Òfurufú

Mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún, ìbéèrè kan sì wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ bi mí lójú èrò. Wọn á jókòó títí èrò yóò fi dín kù, wọn á wá súnmọ́ mi, wọn á rẹ ohùn sílẹ̀ pé: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí fẹ́ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù o, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó ní ásímà ní kékeré. Ṣé ká kúkú má sọ ìyẹn fún wọn?” Ìdáhùn mi kò yí padà rí: ẹ sọ ọ́. Nínú àwọn tí mo ti bá rìn nínú ètò yìí, àwọn tí ọwọ́ wọn kò tètè tẹ ìwé ẹ̀rí ni àwọn tí àìsàn wọn kò ní àkọsílẹ̀, tàbí àwọn tí ó fi í pamọ́ tí ó wá tú síta nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo fi mọ ọ̀nà yìí. Ó ń lo awò ojú, jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ AS, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un ní kékeré, ìfúnpá rẹ̀ a sì máa lọ sókè ní kété tí ó bá ti rí ẹni tí ó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Oṣù márùn-ún gbáko ni a fi lé ìwé ẹ̀rí náà kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ ẹ́. Ká ní a ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ni, ì bá má gbà wá tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí dókítà ń wá gan-an

Àjọ ICAO, tí ó ń ṣètò ìrìnnà òfurufú fún gbogbo àgbáyé, ni ó gbé ìlànà ìlera awakọ̀ kalẹ̀ nínú Àfikún Kìíní ìwé àdéhùn Chicago ti ọdún 1944. NCAA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tí ó ń bójú tó ètò náà nílẹ̀ wa, sì gbé òfin tiwa ka orí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí náà pín sí kíláàsì mẹ́ta. Kíláàsì 1 ni ti ẹni tí yóò fi ọkọ̀ òfurufú wíwà ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, Kíláàsì 2 ni ti ẹni tí ó kàn fẹ́ máa wà á fún ara rẹ̀ láìgba owó, Kíláàsì 3 sì ni ti àwọn tí ń jókòó sí ilé gogoro ní pápákọ̀ tí wọ́n ń darí ọkọ̀. Lábẹ́ ìlànà ICAO, Kíláàsì 1 a máa ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, àfi fún ẹni tí ó ti lé ní ọdún 60, tàbí ẹni tí ó ti lé ní ọdún 40 tí ó ń dá nìkan wa ọkọ̀ akérò, tí tiwọn jẹ́ oṣù 6. Kíláàsì 2 a máa tó oṣù 60 fún ẹni tí kò tíì pé 40 ọdún, oṣù 24 lẹ́yìn 40 ọdún, àti oṣù 12 lẹ́yìn 50 ọdún.

Bí ẹ bá jókòó níwájú dókítà náà, ohun méjì ni ó ń rò nípa àìsàn yòówù kí ẹ dárúkọ. Èkíní ni pé, ṣé àìsàn yìí lè gbé ẹni yìí ṣubú lójijì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ohun ìdarí ọkọ̀? Èkejì ni pé, ṣé àìsàn náà, tàbí oògùn tí ó ń lò sí i, lè máa dín ìríran rẹ̀, ìgbọ́ran rẹ̀ tàbí ìrònú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀? Ohun gbogbo tí wọn yóò ní kí ẹ ṣe, láti orí ìtọ̀ dé orí ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn, inú ìbéèrè méjì yìí ni ó ti jáde. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ìwé tí ó bá kó lọ dáhùn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé òkè kì í ṣe ilẹ̀. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìkòròdú ń mí atẹ́gùn tí ó kún dáadáa. Nínú ọkọ̀ tí ó wà lókè réré, bí wọ́n tilẹ̀ ń fún atẹ́gùn sínú rẹ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé èèyàn dúró sórí òkè tí ó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ́síjìn tí ń wọ ẹ̀jẹ̀ dín kù níbẹ̀, atẹ́gùn tí ó há sínú etí, egungun imú àti ìfun sì ń fẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí àìsàn tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ọjà Sábó fi lè di ọ̀rọ̀ ńlá lókè.

Ẹ kó ìwé jọ kí ẹ tó wá dókítà

Kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí. Àwọn dókítà tí NCAA fúnra rẹ̀ yàn fún àyẹ̀wò awakọ̀ nìkan ni wọ́n láṣẹ, ọ̀dọ̀ NCAA ni kí ẹ sì ti béèrè orúkọ wọn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń polówó ara rẹ̀ fún yín. Síbẹ̀, dókítà tí ẹ ti ń lọ bá láti ọjọ́ pípẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni ní àdúgbò yín ni ó ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí.

Ẹ ra fáìlì kan, kí ẹ sì máa to ìwé sínú rẹ̀ láti orí èyí tí ó pẹ́ jù dé orí èyí tí ó dé kẹ́yìn. Ibi tí a ti fi àkókò ṣòfò nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, nígbà tí a sì padà lọ béèrè káàdì rẹ̀, wọ́n ní òjò ti wọ yàrá tí wọ́n ń kó káàdì àtijọ́ sí, wọ́n sì ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mo rí ògiri tí omi ti fà wálẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ó dùn mí. Ohun tí a wá ṣe ni pé a mú ọmọ náà lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó yẹ ojú àpá náà wò, ó ní kí ó wú ikọ́ bí ó ti dúró, ó ní kí wọ́n ṣe sikáànì, ó sì kọ ìwé pé kò sí ohun tí ó ń yọ jáde níbẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èyí gbà. Bí káàdì yín bá ti sọnù, ọ̀nà tí ẹ óò gbà nìyẹn: dókítà tí ó mọ̀ nípa ẹ̀yà ara náà yóò yẹ̀ yín wò lónìí, yóò sì kọ ohun tí ó rí lónìí.

Ìwé tí dókítà bá kọ fún yín gbọ́dọ̀ ní ẹran lára. Mo ti rí lẹ́tà onílà mẹ́ta tí ó kàn sọ pé ara ọmọ náà le, ó sì yẹ fún iṣẹ́ awakọ̀. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò wúlò, nítorí pé ẹni tí yóò pinnu pé ó yẹ fún iṣẹ́ awakọ̀ ni ẹ ń gbé e lọ fún. Ohun tí ó ń fẹ́ mọ̀ ni orúkọ àìsàn náà gan-an, ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ó ṣe é kẹ́yìn, oògùn tí ó ń lò, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bóyá oògùn náà ń mú oorun tàbí òòyì wá, èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láìpẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, àti ohun tí dókítà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ dókítà yín pé kí ó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe fọtokọ́pì méjì, kí ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó láìní ẹ̀dà nílé.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìlera ná. Mo bẹ àwọn òbí lórí èyí. Owó ẹ̀kọ́ awakọ̀ kì í ṣe owó kékeré, mo sì mọ ẹni tí ó ta ilẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọmọ òun kò lè dá àwọ̀ mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ òkè òkun ni ọmọ náà fẹ́ lọ, ìwé ẹ̀rí orílẹ̀-èdè tí yóò fún un ní láísẹ́ǹsì ni kí ó wá, nítorí pé ìlànà wọn kò rí bákan náà délẹ̀délẹ̀.

Àwọn àìlera tí mo máa ń rí jù

Ojú ni ó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ sì ni awò ojú kò lé ẹnikẹ́ni kúrò. Fún Kíláàsì 1, ìlànà ICAO ni pé kí ojú kọ̀ọ̀kan ríran tó 6/9, kí méjèèjì lápapọ̀ sì tó 6/6, yálà pẹ̀lú awò tàbí láìlo awò. Ìtumọ̀ 6/9 ni pé ohun tí ojú tí ó péye lè rí láti mítà 9, èèyàn náà ní láti súnmọ́ ọn dé mítà 6 kí ó tó rí i. Fún Kíláàsì 2, 6/12 ni ti ojú kọ̀ọ̀kan, 6/9 sì ni ti méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ awò ni ó gbé yín dé ibẹ̀, wọn yóò kọ ọ́ sí ara ìwé ẹ̀rí yín pé ẹ gbọ́dọ̀ máa lò ó, kí òmíràn sì wà ní àrọ́wọ́tó yín nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe awò méjì ní ìwọ̀n kan náà kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé. Ẹni tí ó bá ń lo èyí tí wọ́n ń fi sínú ẹyinjú náà ní láti ní awò lásán sí àpò, èyí tí ó sì ń fi sínú ojú kò gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ lára.

Àwọ̀ dídá mọ̀ yàtọ̀, nítorí pé awò kò lè tún un ṣe. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ishihara, tí ó kún fún àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi, nọ́ńbà sì fara pamọ́ sí àárín wọn. Nínú ẹ̀dà olójú-ìwé 38, nọ́ńbà 12 ni ó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ni ó sì ń rí i. Ojú ìwé kejì ni ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ péye yóò ka 8, ẹni tí kò lè dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé yóò ka 3, ohùn rẹ̀ yóò sì dá a lójú gan-an bí ó ti ń kà á. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ìyá rẹ̀ tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wo ìwé náà, ó wò mí, kò sọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé iná pupa ni ó wà ní ìyẹ́ apá òsì ọkọ̀ òfurufú, iná aláwọ̀ ewé ní ọ̀tún, àti pé bí rédíò bá kú, iná aláwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú láti ilé gogoro ni yóò sọ fún awakọ̀ pé kí ó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka Ishihara dáadáa kò tíì dé òpin ọ̀nà. Ìlànà fàyè gbà á láti ṣe àyẹ̀wò mìíràn tí yóò fi hàn bóyá ó lè dá àwọn iná ojú òfurufú mọ̀ láìṣe àṣìṣe. Ẹ béèrè fún un.

Ní ti etí, àyẹ̀wò ìgbọ́ran wà fún Kíláàsì 1 ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọdún 5-5 títí dé ọmọ 40 ọdún, lẹ́yìn ìyẹn ọdún 2-2. Bí epo etí bá ti dí etí yín, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọ̀ ọ́ ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìfúnpá ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ìlànà ICAO sọ pé kí ó wà ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Ilẹ̀ Yúróòpù fi òpin tirẹ̀ sí 160 lórí 95, Amẹ́ríkà fi í sí 155 lórí 95. Ẹ má ṣe ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sí ibi tí ó yẹ kí ìfúnpá yín wà o, ibi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wọn ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ọ̀gọ́lọ́ǹtọ̀ ni, òógùn wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ sọ pé 154 lórí 96. Mo ní kí ó lọ tọ̀, kí ó padà wá jókòó, kí ó fi ẹ̀yìn ti àga, kí ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí ó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ó di 126 lórí 80. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù ní òwúrọ̀ àti alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú wákàtí tí ó wọ̀n ọ́n. Ìwé búlúù yẹn àti èsì ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn lápá fún wákàtí 24 ni ó parí àríyànjiyàn nígbà tí tirẹ̀ tún lọ sókè lójú dókítà ní Ìkẹjà.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lóòótọ́ lè gba ìwé ẹ̀rí náà bí oògùn bá ti mú un wálẹ̀, tí oògùn náà sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n fàyè gbà fún awakọ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò fàyè gbà, nítorí pé wọ́n lè mú òòyì kọ́ni nígbà tí a bá dìde. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí pààrọ̀ rẹ̀, wọn yóò ní kí ẹ dúró díẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe bá yín lára mu. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí kí ẹ lè sọ pé ẹ kò lo ohunkóhun. Mo ti rí ibi tí èyí gbé èèyàn dé, ibùsùn ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ó ń fi oúnjẹ nìkan, tàbí oúnjẹ àti oògùn oníhóró, kápá rẹ̀ lè yege bí àkọsílẹ̀ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dúró ṣinṣin. Ìlànà ICAO kò fàyè gba ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, nítorí pé ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì kí èèyàn sì dákú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n lábẹ́ àbójútó tí ó le ní ọdún 2012, Amẹ́ríkà sì ṣí ọ̀nà fún àwọn awakọ̀ akérò ní ọdún 2019.

Jẹnotáìpù ni èyí tí ó ń dun àwọn èèyàn wa jù, tí ó sì jẹ́ pé àìmọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bàbá kan wá láti Ìgbógbó, ó yọ ìwé jẹnotáìpù ọmọbìnrin rẹ̀ láti inú àpò agbádá, ó ti ká a sí mẹ́rin, ibi tí ó ká a sí ti fẹ́ ya. Ó ní ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ẹni tí ó jẹ́ AS kò lè wa bàálù láéláé, ọmọ náà sì ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo fi hàn án pé ìlànà ICAO fúnra rẹ̀ sọ pé AS kì í sábà dènà ìwé ẹ̀rí náà. Ìwé àyẹ̀wò láti láàbù tí ó ṣeé fọkàn tán, tí ó fi hàn pé AS ni, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ó dára, ni kí ó mú lọ. SS ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, nítorí pé ìgbà tí ọ́síjìn bá dín kù gan-an ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń tẹ̀ bíi dòjé, ìrora rẹ̀ kì í sì í kìlọ̀ kí ó tó dé. Èmi kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí èyí: ìdènà rẹ̀ ga gidigidi.

Ásímà tí ó ti fi ọmọ sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí èyí tí oògùn fífà símú ti kápá, kò ti ilẹ̀kùn pa. Wọn yóò fẹ́ rí àyẹ̀wò tí èèyàn ń fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, àti ọjọ́ tí ó lọ sí ilé ìwòsàn kẹ́yìn nítorí rẹ̀. Wàrápá àti dídákú tí ẹnikẹ́ni kò rí ìdí rẹ̀ ni ìlànà kọ̀ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ dákú lẹ́ẹ̀kan lórí ìlà ní ilé ìwé nítorí ebi àti oòrùn, kí dókítà kọ ìdí náà sílẹ̀, nítorí pé “ìdí” ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá. Ikọ́ fée tí ó ti san ṣeé gbà, èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára kò ṣeé gbà. Kòkòrò HIV nìkan kò ti ẹnikẹ́ni kúrò bí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú bá ti péye. Aláboyún tí oyún rẹ̀ kò ní wàhálà lè máa ṣiṣẹ́ láti ìparí ọ̀sẹ̀ 12 dé ìparí ọ̀sẹ̀ 26.

Àìsàn ọkàn àti ìrònú ni àwọn èèyàn wa ń fi pamọ́ jù, ìtìjú sì ni ó fà á. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2015, igbákejì awakọ̀ ọkọ̀ Germanwings kan darí ọkọ̀ náà lu òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, èèyàn 150 ni ó sì kú. Dókítà ti kọ ìwé fún un pé kí ó má lọ síbi iṣẹ́, kò sì fi í han ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bá rántí èyí, ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé ìlànà fàyè gba ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ṣe rí tí ó sì ti gba ìtọ́jú, kódà ẹni tí ó ṣì ń lo oògùn lè rí ìgbéyẹ̀wò bí dókítà àjọ bá mọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tí kò sọ ni kò sí ọ̀nà láti ràn lọ́wọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí ẹ bá ti lò ó. Oògùn ọ̀fìnkìn àti èyíkéyìí tí ó ń mú oorun wá, irú Piriton tí gbogbo ilé ní, kò bá iṣẹ́ awakọ̀ mu rárá. Ẹ fi í sọ́kàn pé dókítà yóò gba ìtọ̀ yín láti wo ṣúgà àti èròjà mìíràn, nítorí náà ẹ má ṣe tọ̀ tán kí ẹ tó wọlé.

Ọ̀nà láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà kì í ṣe ohun tí ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní aago 6 tí ó sì fi wákàtí méjì àbọ̀ há sí Mile 12 àti Kẹtu, ara rẹ̀ ti gbóná kí ó tó dé. Bí ẹ bá ní ẹbí ní ìtòsí Ìkẹjà, ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ wọn. Ẹ mú fáìlì, awò méjèèjì, oògùn yín nínú páálí rẹ̀, àti ìwé ìdánimọ̀.

Wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù tí ó béèrè ìtàn ìlera yín àti ti ẹbí yín, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà pàṣẹ pé kí dókítà fi irọ́ tí ó bá rí nínú fọ́ọ̀mù náà tó àjọ létí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá, ọjọ́ náà sì lè jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti di ọ̀gá awakọ̀, tí ẹ ti ní ilé àti ọmọ. Ẹ má ṣe sọ ju ohun tí wọ́n bi yín lọ, ẹ má sì sọ ohun tí kò tó o: ẹ dárúkọ àìsàn, ẹ dárúkọ ọdún, ẹ na ìwé rẹ̀ sí i.

Bí èsì kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni

Dókítà lè sọ pé ẹ yege, ó lè sọ pé ẹ kò yege, ó sì lè gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá dókítà àjọ fún ìpinnu. Ẹ má ṣe sunkún lórí ìkẹta yìí, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àìlera ń gbà wọlé ni. Ẹ béèrè ní kíkọ pé kí ni ohun tí wọ́n tún fẹ́ rí, kí ẹ sì wá èyí gan-an. Dídarí ìwé tí wọn kò béèrè sí wọn ń fa ìdádúró ni.

Ẹni tí kò kún ojú ìlànà pàápàá ní àyè kan. ICAO gbà pé wọ́n lè fún un ní ìwé ẹ̀rí bí àwọn dókítà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí àjọ fọwọ́ sí bá jùmọ̀ rí i pé àìlera náà kò ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wéwu, tí wọ́n gbé ìmọ̀ àti ìrírí èèyàn náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì kọ ààlà tí ó bá yẹ sí ara láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ààlà náà lè jẹ́ pé kí ó máa lo awò, kí awakọ̀ mìíràn tí ó péye máa jókòó tì í, tàbí kí ó padà wá fún àyẹ̀wò kíákíá ju àwọn yòókù lọ. Ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo mọ ẹni tí ó kọ Kíláàsì 2 nítorí pé Kíláàsì 1 ni ó ń fẹ́, títí di òní kò tíì gòkè rí.

Nígbà tí ìwé bá wà lọ́wọ́ yín, ojúṣe náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Òfin sọ pé awakọ̀ tí ó bá mọ̀ pé ìlera òun ti dín kù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀, bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Zaria báyìí níbi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́. Ní oṣù tí ó kọjá, ó pè mí ní òwúrọ̀, imú rẹ̀ dí, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, etí mi ọ̀tún ò ṣí, mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò lè gòkè lónìí.” Mo bi í bóyá wọ́n bínú. Ó ní rárá, wọ́n kàn nu orúkọ òun kúrò lórí pátákó, wọ́n kọ ti ẹlòmíràn sí i, wọ́n sì ní kí òun padà wá nígbà tí etí náà bá ṣí.